Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Ẹ Má Fi Ọmọ Mi Ṣe Eré Ọjọ́ Sátidé

Ilé Alájì Èjìdé,
Òkè Padre,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 1964.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Eré Orí Tẹlifíṣọ̀n,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ERÉ APANILẸ́RÌN-ÍN "AGBOOLÉ ALÁYỌ̀", ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N MÁ ṢE ÈYÍ TÓ Ń BỌ̀ LỌ́JỌ́ SÁTIDÉ

1. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí sí yín. Èmi ni ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Sàláúdéènì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ. Bẹyẹrúnkà ni ilé ọkọ mi, ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ni mo ti ń kọ̀wé, nítorí wọ́n ti dá mi padà síbẹ̀. Kì í ṣe ìjà ló fà á, kì í ṣe àìrọ́mọbí. Eré tẹlifíṣọ̀n ló fà á.

2. Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah Adégòkè tó ń kọ eré náà jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọkọ mi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Mùsùlùmí ni wá, ẹ̀sìn kò sì dá nǹkan kan sílẹ̀ láàárín wọn rí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń jẹun nílé wa. Èmi ni mo ń se oúnjẹ náà, mo sì máa ń bu ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ má baà jẹ ẹ́ tán. Bó bá ti ń jẹun, á máa bi mí léèrè nípa ìṣe ilé wa, èmi náà á sì máa dá a lóhùn, torí ọmọ ìyá ọkọ mi ni mo kà á sí.

3. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àbísọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ó gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ tó dùn ún gbọ́. Àkíbù, àbúrò ọkọ mi, kò tíì ju ọmọ ilé kéwú lọ nígbà tí wọ́n mú mi wọlé. Òun ló gbé omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ló sì ń rín bọ̀. Mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Orúkọ yìí ni mo fi ń kí i láàárọ̀, tí mo fi ń pè é wá jẹun, títí ó fi di géńdé. Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè bi mí bí orúkọ náà ṣe jẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

4. Sátidé kejì lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, a pé sí pálọ̀ Alájì Yésúfù, aládùúgbò wa, torí òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ní agbègbè wa. Mo yan gúgúrú lọ. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí mo ń rí ilé wa níbẹ̀: ìkòkò omi, ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyá ọkọ tó máa ń wúkọ́ kó tó wọ yàrá. Ìgbà tó yá, ìyàwó inú eré yọjú lójú fèrèsé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, ó ń rọra pe àbúrò ọkọ rẹ̀ wọ yàrá. Eyínfúnjowó ló pè é. Àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n bú sẹ́rìn-ín. Nínú pálọ̀ tí a wà, kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi ni gbogbo wọn ń wò.

5. Ìyá ọkọ mi àti àwọn àgbà ilé ní Hezekiah kò lè dédé sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ti rí nǹkan kan nílé wa, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fi gba orí eré sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi Kùránì búra. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní eré lásán ni, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí ẹni tí kò fẹ́ jẹ́rìí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àkíbù kò lè fara da ojú tí wọ́n fi ń wò ó, ó kó lọ sí Jọ́ọ̀sì. Wọ́n ní sísá tó sá, ìjẹ́wọ́ ni. Ọkọ mi kò lù mí, kò bú mi. Ó kàn gbé àpótí mi sẹ́nu ọ̀nà ni.

6. Mo ti kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń gbé eré náà jáde. Wọ́n ní àwọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, wọn kò dárúkọ mi. Orúkọ tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ilé ni wọ́n dá, wọ́n sì sọ ọ́ di orúkọ àlè.

7. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò kórìíra ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nínú eré yìí, kò sí ìyàwó tí kì í ṣe ẹlẹ́tàn, kò sí ìyá ọkọ tí kì í ṣe ìkà, àbúrò ò sì rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ju kó máa ṣọ́ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá jáde. Ọ̀rẹ́ ọkọ nìkan ni èèyàn gidi. Ọ̀rẹ́ ọkọ ló sì ń kọ ọ́. Ìyàwó tuntun kan wà ní Bẹyẹrúnkà báyìí tí kò sọ ọmọ ilé kankan lórúkọ. Àtẹ́wọ́ ló fi ń pè wọ́n. Ẹ̀rù ń bà á, n kò sì lè bá a wí.

8. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí ni Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ti kéde pé ọmọ ìyàwó inú eré náà ni ti ọjọ́ náà yóò dá lé, pé eyín ẹnu rẹ̀ ni wọn yóò fi mọ bàbá rẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin kan, Sìdí, ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọn kò jẹ́ kí n mú un dání. Eyín rẹ̀ funfun bíi ti Àkíbù. Ó funfun bíi ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, àti bíi ti ìyá bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tán? Bí wọ́n bá gba orúkọ bàbá lọ́wọ́ ọmọ mi, kò sí ìgbìmọ̀ tó lè dá a padà fún un. Ìyẹn ló ń dùn mí ju bí wọ́n ṣe lé mi lọ.

9. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe eré ọjọ́ náà. Ẹ sì pàṣẹ kí Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè wá síwájú àwọn àgbà ilé ọkọ mi, kó sọ fún wọn láìrẹ́rìn-ín pé òun kò rí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé eré náà kò ní ṣàì wáyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè gbọ́. N óò lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú ìyá ọkọ mi, kó yá mi ní ọmọ mi fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan yẹn, kó má baà sí ní pálọ̀ Alájì Yésúfù.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ìwé mi dópin.

Èmi ni tiyín nínú ìbànújẹ́,

Àṣàkẹ́ Sàláúdéènì,
Ìyá Sìdí.