Aṣọ Òjò Tí Mo Fi Tọrọ Sarah

Kábáwá, Lọ́kọ́ja,
Oṣù Agẹmọ, 1958.

Olúṣínà ọmọ mi,

Ọ̀kún o. Ṣé dáadáa ni Kàdúná wà? Àwa wà, ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ kò ní gbàgbé àdírẹ́sì rẹ. Àmín. Ìkíni tó báyìí, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Aṣọ òjò, fìlà rẹ̀ àti bàtà rọ́bà tí o ní kí n máa fi gun kẹ̀kẹ́ ti dé, o ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún ọ rẹ́ ọ jẹ. Mo yẹ aṣọ náà wò bí mo ṣe ń yẹ ọjà wò, mo bá ihò wínníwínní lábẹ́ abíyá méjèèjì. Aṣọ òjò, kó tún ní ihò. Mo yọ́ àbẹ́là, mo fi dí gbogbo rẹ̀. Bàtà ní tirẹ̀ kò ní ihò kankan, omi tó bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé kò níbi tí yóò gbà jáde, ni mo bá gbé e fún Sùrájù tó ń lẹ táyà, ó fi ìṣó gbígbóná lu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Máa yẹ nǹkan wò kí o tó rà á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Sarah. O mọ̀ pé láti ìgbà ọyẹ́ ni a ti ń tọrọ rẹ̀ fún ọ lọ́wọ́ Pius bàbá rẹ̀ ní Adankolo, tó ń ní ká lọ ká bọ̀, òun ń rò ó. Mo sì gbọ́ pé tíṣà kan láti Kàbà ti ń gbé iṣu lọ síbẹ̀. Ní kíláàsì ìṣòwò tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé kí èèyàn béèrè, kó sì dúró gba èsì. Lánàá òjò ń rọ̀, ìyá rẹ ní kí n jẹ́ kó dá, mo ní òjò kì í ṣe ẹbí Sarah. Mo kó gbogbo rẹ̀ wọ̀, fìlà bò mí dé ojú, kọ́là dé imú, mo fi okùn so etí aṣọ mọ́ orúnkún kí ṣéènì má baà jẹ ẹ́, ó di Adankolo.

Bí mo ṣe yọ, ilé dàrú. Àwọn kan ń gbálẹ̀ nínú òjò, àwọn kan ń da omi ìkòkò nù, àwọn tó kù sáré lọ bo ṣáláńgá. Pius jáde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rò pé ọ̀wọ̀ aṣọ tuntun ni. Mo ní:

“Ṣé ẹ ti gbà, àbí ẹ ò tíì gbà?”

“A ti gbà, sà. Gbogbo rẹ̀ la gbà.”

Mo ṣí fìlà kí n lè dúpẹ́, ni ó bá pariwo pé Jacob ni, òun rò pé wolé-wolé ló dé, àṣẹ ìmọ́tótó lòun ní àwọn gbà, èsì yẹn kò kà. Sarah dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní: “Bàbá, gbogbo ilé ló gbọ́. Ẹ ti gbà.” Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó. Pius wo àgbàlá rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n dá iṣu tíṣà padà.

Ó ní irú aṣọ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù ìdána. Ra dúdú, kó má kọjá orúnkún, kó má sì ní ihò lábíyá. Tèmi, nígbà tí mo délé, inú rẹ̀ tutù ju ìta lọ, àbẹ́là náà kò dí i tán. Bàtà dára ní tirẹ̀: bí omi ṣe ń wọlé ló ń jáde.

Fi owó ìdána ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, má ní kí n lọ kí n bọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá ìwọ àti Sarah lábẹ́ òrùlé kan náà. Tí o bá sì ń lọ sí Adankolo, jọ̀ọ́, jẹ́ kí òjò pa ọ́. Ìyá Sarah ní òun kò lè gbálẹ̀ nínú omi lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jacob.