Ìgò Oorun Tí O Fi Orúkọ Mi Gbà

                                        Ẹ̀ka Ìtọ́jú Àwọn Àgbà,
                                        Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Jẹ́ kí n tún àìsàn Màmá wa ṣàlàyé. Alusáímà ni àìsàn tó ń jẹ ọpọlọ àgbàlagbà díẹ̀díẹ̀ títí á fi máa gbàgbé èèyàn, ibi àti àkókò. Ó máa ń da aago inú ara rú, tí olúwarẹ̀ á máa sùn lọ́sàn-án, tí á sì máa rìn kiri lóru. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lóru nílé rẹ pé àwọn ń lọ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

Nítorí náà ni mo ṣe fún ọ ní ìwé àkọsílẹ̀ oorun. Mo ní kí wọ́n máa jókòó síta láàárọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà wọ́n, kí oorun ọ̀sán má kọjá ìdajì wákàtí, kí o sì máa kọ ìgbà tí wọ́n sùn àti ìgbà tí wọ́n jí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni o fi ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń sùn bí ọmọ tuntun! Ìwé yín ṣiṣẹ́ o!" Inú mi dùn débi pé mo fi ìwé náà tí o kọ ránṣẹ́ han ẹbí aláìsàn mẹ́ta níbí.

Àfi lọ́jọ́ Sátidé tí mo wá wo Màmá lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú. Apòògùn àdúgbò yín dá mi dúró: "Dókítà, ikọ́ Màmá yìí mà le o! Ìgò kẹfà rèé."

Mo ní, ikọ́ wo?

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀! Ṣebí àbúrò yín ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa mu ún lálaalẹ́."

Oògùn ikọ́ tó ń kun èèyàn lóorun! Mo ti kìlọ̀ fún ọ pé ó máa ń da irú wọn lórí rú, ó sì máa ń gbé wọn ṣubú. Ní báyìí, ọrùn ọwọ́ Màmá ti sán. Nígbà tí mo wọlé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n fi kí mi.

Àárẹ̀ rẹ kọ́ ló dùn mí. Ìtọ́jú wọn lóru kì í ṣe eré. Ká ní o sọ pé ó ti sú ọ ni, ǹ bá ti wá gbà á ṣe. Orúkọ mi tí o fi bo irọ́ mọ́lẹ̀ ló dùn mí. Bí ti ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń pe àwọn ẹbí mẹ́ta yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń jẹ́wọ́ pé ohun tí mo fi hàn wọ́n kì í ṣe òótọ́.

Lọ́jọ́bọ ni Màmá ń kúrò nílé ìwòsàn padà sílé yín. Bọ̀dá wa àgbà fẹ́ gbé wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní oṣù kan. Èmi á máa sùn ti Màmá láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Da oògùn yẹn padà fún apòògùn lónìí, kí o sì sọ òótọ́ fún un. Bí Màmá bá dìde lóru, má bá wọn jiyàn, má sì tan iná ńlá. Mú wọn lọ tọ̀, bi wọ́n bóyá ibì kan ń dùn wọ́n, kí o sì jókòó tì wọ́n jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, kọ iye aago tó lù gan-an sílẹ̀, ì báà burú.

Tìrẹ ṣì ni mí, bó tilẹ̀ ń dùn mí,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, Oníwèé