Ìdí Tí N Kò Fi Tọrọ Àforíjì Lórí Ẹ̀rọ Ohùn Bàbá Eljas

                                        Tervakuja 6 B 14,
                                        Oulu,
                                        Finland.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Henriikka, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Inari níbẹ̀? Veikko ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Màmá ńkọ́? Oona ọmọ yín ńkọ́, ṣé bàtà yìnyín tí mo fi ránṣẹ́ gba ẹsẹ̀ rẹ̀? Mo gbọ́ pé inú ọkọ̀ lo ti gbẹ̀bí ìbejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ìjì yìnyín dá yín dúró lọ́nà. O kú ewu o. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú mi ń ru, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ kí n tó kọ̀wé sí ọ.

Ó dá mi lójú pé o ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ níbi iṣẹ́. Òótọ́ ni. Wá gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi.

O mọ ẹ̀rọ tí à ń ṣe, àpótí kékeré tí ẹni tí ohùn rẹ̀ ti lọ máa ń gbé kọ́ àyà. Á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, ẹ̀rọ á tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, á sì gbé e síta ketekete. Ojú USB ni ohùn náà ń gbà wọlé, ètò tó ń darí ojú USB yẹn sì ni iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí o ti sá fún wa lọ sídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí, o lè ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe. Bí ohùn bá ṣe ń dé díẹ̀díẹ̀, ojú USB á máa pe ọpọlọ ẹ̀rọ pé kó wá gbẹrù. Tí ìpè bá ti pọ̀ jù, ọpọlọ ò ní sinmi, bátìrì á sì tètè tán. Tí ìpè bá sì pẹ́ jù, ẹrù tuntun á bo ti àtẹ̀yìnwá mọ́lẹ̀, ihò á sì lu ọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń pinnu àlàfo tó wà láàárín ìpè kan sí èkejì.

Torsti Hyvärinen, ọ̀gá ẹ̀ka wa, ti lọ fọ́nnu níbi ìpàtẹ kan pé bátìrì wa á lo wákàtí méjìlá. Ló bá ní kí n fa àlàfo náà gùn dé ibi tí ẹ̀rọ bá lè gbà á dé. Tí o bá gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, àlàfo tí mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀ kò tó ẹyọ kan. Èyí tí Torsti ní kí n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, mo sì fi sí i. O lè ní kí ni mẹ́rìndínlógún nínú ẹgbẹ̀rún. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Bàbá Eljas.

Eljas Kemppainen jẹ́ tíṣà fún ogójì ọdún ní abúlé Haapasuo. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ló gba ohùn rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì wà lára àwọn tó ń bá wa dán ẹ̀rọ náà wò. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wọn fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ abúlé náà pa, Bàbá sì ti forúkọ sílẹ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún un. Ó wá fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò lọ́dọ̀ wa.

Ó dìde ní yàrá ìpàdé, ó kàwé rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ni, "Ẹ má ti ilé-ẹ̀kọ́ wa pa." Ohun tí ẹ̀rọ sọ ni, "Ẹ ti ilé-ẹ̀kọ́ wa pa." Ihò ti gbé "má" mì.

Torsti ní, "Bàbá, ẹ̀ ń yára jù. Ẹ rọra máa sọ ọ́."

Bàbá yọ àpótí náà lọ́rùn. Àfi ká sún mọ́ ọn ká tó gbọ́ ohun tó ń sọ. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Mi ò ní jókòó kí àpótí wá máa kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Torsti wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sínú kọfí òun.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tún ètò náà kọ, kí àlàfo má baà dúró sójú kan mọ́. Tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ìpè á yára. Tó bá dákẹ́, ìpè á falẹ̀ kí ọpọlọ lè sinmi. Bátìrì lo wákàtí mẹ́wàá gbáko. Mo gbé e lọ bá Torsti.

"Méjìlá ni mo sọ fún wọn, Tuulia."

"Ẹ padà lọ sọ mẹ́wàá fún wọn."

"A ti fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́! Oṣù mẹ́ta la máa fi tún un ṣe. Fi nǹkan yẹn sílẹ̀, àṣẹ ni mo pa. Ta ló tiẹ̀ máa gbọ́ mẹ́rìndínlógún nínú ẹgbẹ̀rún?"

"Àwa méje tá a wà ní yàrá ìpàdé níjẹta. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Henriikka, mi ò yọ́ ṣe é o. Mo ṣàlàyé fún Bàbá Eljas pé ọ̀gá mi ní kí n má ṣe é, pé ètò náà ò sì tíì kọjá lábẹ́ àyẹ̀wò. Ó ní, "Fi sí i." Ọ̀sán gangan ni mo fi sí i, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé: "Torsti ní kí n má ṣe é. Èmi Tuulia Karppinen ni mo ṣe é."

Mo wakọ̀ tẹ̀lé Bàbá lọ síbi ìpàdé ìgbìmọ̀ náà ní Haapasuo. Gbọ̀ngàn kún, àwọn kan tiẹ̀ dúró fara ti ògiri pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Bàbá dìde. "Ẹ má ti ilé-ẹ̀kọ́ wa pa." Ó jáde ketekete, "má" sì dún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ mọ́kàndínlógójì ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì bi wọ́n pé ta nínú wọn ló máa gbé ọmọ tirẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí méjì lójúmọ́ nínú òkùnkùn oṣù Ọ̀pẹ. Alága ìpàdé lu agogo.

"Àkókò yín ti pé, Bàbá Eljas."

"Ọdún kan gbáko ni mi ò fi sọ̀rọ̀. Ẹ yọ ọ́ nínú ìyẹn."

Ẹ̀rín sọ, àwọn kan ń lu tábìlì. Ó sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ tán kó tó jókòó.

Wọ́n dìbò. Mẹ́rìnlá ní kí wọ́n tì í, mẹ́tàlá ní kí wọ́n má tì í. Ọ̀kan lára àwọn tó dìbò pé kí wọ́n tì í wá kí Bàbá pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ní, "Má kí mi pẹ̀lẹ́. Ibo ni wọ́n ti ń pe ẹjọ́?" Ó ti kọ̀wé ẹ̀sùn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìwé ìkìlọ̀ tèmi náà dé. Torsti ní kí n fọwọ́ sí i pé àṣìṣe ni mo ṣe. Mo ní mi ò fọwọ́ sí irọ́. Marketta tó ni ilé-iṣẹ́ pe gbogbo wa jọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn Bàbá méjèèjì tí mo gbà sílẹ̀, ti yàrá ìpàdé àti ti gbọ̀ngàn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ méjèèjì tán, mo kọjú sí Torsti. "Ọ̀gá, èwo nínú méjèèjì lẹ máa fọwọ́ sí?" Marketta ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ wákàtí mẹ́wàá sára páálí.

Lẹ́yìn náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní mo tàpá sí àṣẹ, ìkìlọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ dúró, àfi tí mo bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Torsti, nígbà náà òun á yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi í síbẹ̀, kó sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ mi dáadáa.

Bá mi kí Màmá àti Veikko, kí o fẹnu ko Oona lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò bẹ̀bẹ̀,
Tuulia.