Ẹ̀rọ Souradjou wà ní yàrá ìyá rẹ̀

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo olùgbọ́. Bassila ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Iṣẹ́ mi ni láti ran àwọn ọ̀dọ́ olùṣèwádìí lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí owó gbà fún pùròjẹ́ ìlera. Souradjou, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Manigri, wà lára wọn. Ó ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí aboyún ń so mọ́ ọwọ́, tó máa ń dún bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru. Èmi, òun àti Bassirath tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ la jọ kọ ìwé tí a fi béèrè owó. Kí èsì tó dé, ọkọ̀ akẹ́rù pa Souradjou lójú ọ̀nà Pénéssoulou.

Wọ́n ti fọwọ́ sí owó náà báyìí. Wọ́n ní kí Bassirath máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe òmíràn láìtú ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn wò, ìyá Souradjou ló sì gbé e pamọ́. A lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kẹ́yìn nìyí. Bí mo bá gbé e fún yín, kí ló kù fún mi?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru pa aboyún kan ní Doguè. Bassirath ní ká lọ sọ ọ́ fún ìyá náà. Mo ní, ṣé ká tún gbé òkú ẹlòmíràn lé ẹni tó ń sunkún ọmọ rẹ̀ lórí? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn aboyún tó kù ńkọ́?"

Ẹ̀yin ìyá tó ti sin ọmọ rí, ẹ bá wa dá sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó fẹ́ ká wá sọ ọ́ fún yín?