Àdììtú Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìròyìn

                                        Ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì,
                                        Under G,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Mùjídàt, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni mo bá ọ? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tó ń dààmú àwọn ìbejì, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Mubaraq tèmi ti ń rá. Bó bá sùn pẹ́, ń ṣe ni mo máa ń gbé ọwọ́ sí imú rẹ̀ wò bóyá ó ń mí. Láti ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Abdulkareem, ẹ̀gbọ́n mi, ti kú ni àyà mi ti ń já báyìí.

O ṣeun tí o ò tú u fún Bàbá mi. O mọ̀ pé àwọn àgbà ní a ò gbọdọ̀ sọ ikú ọmọ fún Bàbá títí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn á fi wálẹ̀. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé ọwọ́ mi ni fóònù Bọ̀ọ̀dá wà. Àràárọ̀ ni òun àti Bàbá jọ máa ń ṣe kírọ́sìwọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìròyìn, Bàbá l'Ọ́yọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sábó níbí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, wọn á pe ara wọn. A á máa gbọ́ ohùn Bàbá nínú fóònù: "Olódo! Àpótí márùn-ún ló wà níbẹ̀, o fẹ́ ki lẹ́tà mẹ́fà bọ̀ ọ́!" Bọ̀ọ̀dá á rẹ́rìn-ín títí.

A purọ́ fún Bàbá pé ọ̀nà ọ̀fun ń dun Bọ̀ọ̀dá, pé dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ni wọ́n bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè, tí èmi ń dáhùn bíi pé òun ni. Àwọn àkọ́kọ́ ju agbára mi lọ. Ìwé mẹ́wàá náà ni mo kúkú kà. Nígbà tó yá, wọ́n ń rọrùn. Ẹranko tó ń fún wa ní wàrà, lẹ́tà mẹ́ta. Ohun tó ń ràn lọ́sàn-án, lẹ́tà mẹ́ta. Inú mi ń dùn, mo rò pé mo ti ń mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Láàárọ̀ yìí, èyí wọlé: "Ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún mi, lẹ́tà méje."

Mo pọn Mubaraq, mo sáré lọ sọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta wa. Mo yẹ tòní wò, kò sí níbẹ̀. Mo gba tàná, mo gba tìjẹta. Màlúù kò sí níbẹ̀. Oòrùn kò sí níbẹ̀. Fẹ́ńdọ̀ ní, "Ìyá Mubaraq, kí ló dé tí ẹ ń sunkún sórí ọjà mi? Ṣé orúkọ yín ló jáde ni?"

Bàbá ti mọ̀, Mùjídàt. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn ṣe ìbéèrè tí agbára mi á ká. Àwa rò pé à ń dáàbò bo àgbàlagbà. Àgbàlagbà ló ń dáàbò bò wá. Ta ni wọ́n fẹ́ sunkún lójú ẹ̀, nígbà tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín sí wọn?

S, A, F, U, R, A, T. Mo ti tẹ̀ ẹ́, mi ò lè fi ránṣẹ́. Ṣé inú fóònù olóògbé ni mo ti fẹ́ jẹ́ orúkọ mi? Bí àwọn àgbà bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú. Mo ń bọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́la láti fẹnu ara mi dá Bàbá lóhùn. Jọ̀ọ́, dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán, kí o gba Mubaraq lẹ́yìn mi. Apá mi méjèèjì ni mo fẹ́ fi di Bàbá mú.

Bá mi kí ìyá rẹ àti bàbá àwọn ìbejì. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, fún un lómi mu.

                                        Èmi ni tìrẹ nínú ọ̀fọ̀ yìí,
                                        Safurat.