Òjò Tí Mo Pè sí Láíbìrì

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin

Àǹtí Ṣíì ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bó ṣe ìlà kan péré, kí n ṣáà kọ ọ́. Ó ní òun ò ní kà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí tó bá kà á, á rí i pé Àǹtí Ṣíì ni mò ń pè é lẹ́yìn. Òun ló ń tọ́jú láíbìrì. Láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, ìka lẹ́nu — ṣíììì. Àfi tó bá ń kọ́ mi níwèé nìkan lohùn ẹ̀ máa ń jáde.

Èmi rèé o. Ọ̀gá àwọn oníṣájà. Wáyà, bátìrì, ṣájà — kò sí fóònù tó kú tí mi ò lè jí dìde. Ẹ̀gbẹ́ ògiri láíbìrì ni mo ń pàtẹ sí. Ẹni bá bi mí pé kí ni mò ń wọlé lọ ṣe, mo ní mo fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn lábẹ́ fáànù. Fáànù kẹ̀! Ìwé ni mò ń kọ́. Kíláàsì kejì ni mo ti sá kúrò níléèwé. Ìbọ̀sẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́ — ọ̀rẹ́ mi ni, ìbọ̀sẹ̀ ló ń tà. Tó bá gbọ́, yẹ̀yẹ́ ló máa fi mí ṣe títí a ó fi hu irun funfun.

Túsìdè, ọjọ́ karùn-ún

Ìwé tí mò ń kà báyìí, apẹja kan ló wà ńbẹ̀. Ọ̀dẹ̀ ni. Ìyàwó ẹ̀ ní kó má lọ, afẹ́fẹ́ ń jà, ó gbéra, ó lọ. Àtìgbà yẹn ló ti wà lójú òkun. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń kà á, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Tí mo bá délé, mo máa ń sọ ọ́ fún Màámi. Mo máa ń bù kún un o — mo ti fi ẹja kan sí i tó tóbi ju ilé wa lọ. Ẹja yẹn ò sí níbì kankan nínú ìwé. Ẹ̀bùn tèmi nìyẹn.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò tíì kí mi káàbọ̀ tán: “Apẹja yẹn ńkọ́? Ó ti délé?”

Mi ò bi í pé kí ló kàn án. Mo mọ̀. Bàbá mi wakọ̀ jáde nígbà tí mo wà ní kékeré, ó ní òun ń bọ̀. Àwo ẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ. Ẹnì kankan ò fi jẹun. Màámi ṣì ń fọ̀ ọ́.

Tọ́sìdè, ọjọ́ keje

Òjò rọ̀ lónìí. Kì í ṣe òjò gidi — oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wa lórí. Káńsù ló dé, àwọn tó ń gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tó bá pàtẹ sẹ́bàá títì. Èmi ni mo máa ń ṣọ́nà, torí kò sí ohùn tó dún tó tèmi ládùúgbò yìí. Tí mo bá ti rí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn wọn báyìí — “Òjò ń bọ̀ooo!” Kó o tó ṣẹ́jú, ilẹ̀ ti mọ́ roro. Ìbọ̀sẹ̀ sá, ó kó ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi tẹsẹ̀ òsì sílẹ̀. Mo ní kó lọ wá ẹlẹ́sẹ̀ kan tà á fún. Ó ṣépè fún mi títí ẹ̀rín fi gbà á lẹ́nu.

Níbo la ń sá sí? Láíbìrì náà ni! Àǹtí Ṣíì ò ní bi wá ní nǹkan kan. Á fi ìka sẹ́nu, á gbé ìwé síwájú oníkálukú. Káńsù á kọjá lójú fèrèsé, wọ́n á rí ọ̀jọ̀gbọ́n lóríṣiríṣi.

Fúráìdè, ọjọ́ kẹjọ

Gílóòbù láíbìrì jó. Àǹtí ra òmíràn lápò ara ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí káńsù ti ra nǹkan kan síbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ wo iṣẹ́ akọni! Ọ̀sán, láíbìrì kún. Bàbá Gíláàsì wà níbẹ̀, bàbá aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi òwú so gíláàsì ẹ̀ mọ́ etí. Ó máa ń gbé ìwé ìròyìn sójú, tó bá yá á máa hanrun lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ń kọ fọ́ọ̀mù. Obìnrin kan gbé ọmọ lé itan, ó ń ka ìwé àwòrán fún un. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ onídìrí wà níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀, ó ń wo àwòrán mọ́tò.

Ni mo bá yọjú síta. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn! Wọn ò wo ọjà, wọn ò wo títì. Láíbìrì gan-an ni wọ́n kọrí sí! Wọn ò wá bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní wọ́n ti mọ ibùba wa. Mo fò padà wọlé — “Òjò ń bọ̀ooo!” Nínú ilé Àǹtí Ṣíì! Fèrèsé ẹ̀yìn la gbà jáde. A na ọmọ jáde, a fa ìyá ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí ò ta ohunkóhun rí láyé ẹ̀ gan-an sá. Tí gbogbo ilé bá ń sá, ta ló fẹ́ dúró béèrè?

Àǹtí nawọ́ sí mi. Mo rò pé ṣíì náà ló fẹ́ ṣe.

Bàbá Gíláàsì nìkan ló kù, ó ń sùn. Wọn ò rí ẹnì kan mú. Mo fọ́nnu títí ẹnu fi ń ro mí.

Túsìdè, ọjọ́ kejìlá

Ọkọ̀ apẹja ti ń jò. Mi ò sọ ìyẹn fún Màámi. Mo fún un ní ẹja mìíràn.

Tọ́sìdè, ọjọ́ kẹrìnlá

Àǹtí pe gbogbo wa jọ, ó sì sọ̀rọ̀ sókè. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó sọ̀rọ̀ sókè lára mi ti sọ fún mi.

Ó ní káńsù ní owó ò ká gbogbo láíbìrì mọ́. Èyí táwọn èèyàn ń lò ni wọ́n á máa náwó lé, wọ́n á ti ìyókù pa. Ó ní wọ́n ti wá ka orí. Wọn ò sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa kó èrò jọ dè wọ́n. Ó ní Mọ́ńdè tó kọjá ni wọ́n wá.

Mọ́ńdè.

Wọ́n ní bàbá kan ṣoṣo làwọn bá, ó ń sùn. Wọ́n á ti tiwa pa.

Bàbá Gíláàsì bínú. “Èmi ni wọ́n kà? Wọn ò lè jí mi kí wọ́n tó kà mí?” Ó yẹ kó pa wá lẹ́rìn-ín. Ìbọ̀sẹ̀ wo ilẹ̀. Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Ọwọ́ tí Àǹtí nà sí mi lọ́jọ́ yẹn — kì í ṣe ṣíì. Dúró ni.

Fúráìdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò pàtẹ.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìdínlógún

Èmi àti Ìbọ̀sẹ̀ lọ bá káńsù ní ọ́fíìsì wọn. Àwa tá a máa ń sá fún wọn! Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ síbi ìsìnkú. Ọ̀gá tó wá ka orí ló jókòó síbẹ̀, ó fi jákẹ́ẹ̀tì kọ́ àga.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá kà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. A kún ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin la sá fún.”

Ó ní, “Kí lẹ ń sá fún, tí ẹ kì í bá ṣe olè?”

Ìbọ̀sẹ̀ ní, “Olè wo ló ń sá kúrò nídìí ìwé, ọ̀gá?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wò mí látòkèdélẹ̀. “Ìwọ yìí náà mọ̀wé kà?”

Ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àṣírí náà ti tó. Mo ní mo mọ̀ ọ́n kà. Ó nawọ́ sí pátákó kan lára ògiri, ó ní kí n kà á. Mo kà á. “Ẹ — má — ṣe — dú-ró — sí-bí.”

Ó ní, “O gbìyànjú. Ó yá, ṣe ohun tó o kà.”

A jáde. Ìbọ̀sẹ̀ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tá a rìn díẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá Ṣájà, ta ló kọ́ ẹ?”

Túsìdè, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo bi Àǹtí pé ṣé ó mọ̀ pé èmi ni mo pariwo lọ́jọ́ yẹn. Ó ń fi okùn di ìwé. Ó ní, “Mo gbọ́ ohùn ẹ. Ta ni ò mọ ohùn ẹ ládùúgbò yìí?”

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún káńsù pé a kún ibẹ̀. Ó ní òun sọ. Ó ní òun sáré tẹ̀ lé wọn dé ìdí mọ́tò, òun ń bẹ̀ wọ́n pé àwọn èèyàn òun ń bọ̀, ẹ dúró, wọ́n á padà wọlé. Wọ́n ní ẹni tó bá wà lórí àga làwọn ń kà.

Mo ní kí ló máa wá ṣe báyìí. Ó ní wọ́n ní kí òun máa lọ sílé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fi ìka sẹ́nu. Ṣíììì. Ó rọra ṣe é, bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ.

Fúráìdè, ọjọ́ kejìlélógún

Ìwé apẹja ti wà nínú ìdì. Díẹ̀ ló kù kí n parí ẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ìwé tó máa ṣẹ́ kù nílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ sí sítọ́ọ̀ káńsù. Àǹtí ní kí n tètè wá lọ́la, òun á tú ìdì náà kí lọ́rì tó ń bọ̀ wá kó wọn tó lọ, ká jókòó lórí àtẹ̀gùn ká kà á parí. Mo sọ fún Màámi pé lọ́la lọ́la ni apẹja máa délé.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Lọ́rì wọn ò ní òrùlé. Gbogbo àdúgbò ló dúró wò. Wọ́n kó ìdì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, Àǹtí gun orí ẹ̀, ó ń wá tèmi. Ó ní, “Mo ti rí i!” Ó fẹ́ máa tú okùn.

Ojú ọ̀run ṣú. Lójijì. Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù wà nísàlẹ̀ ìwé, ó nílò ọwọ́ púpọ̀ láti fà á jáde. Mo yíjú sí àwọn ará títì, mo fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi —

“Òjò ń bọ̀ooo!”

Gbogbo wọn sá.

Ìbọ̀sẹ̀ ti kó ọjà kó tó bojú wòkè. Wọ́n wọnú kọ̀rọ̀, wọ́n fo gọ́tà, kò ku ẹyọ kan àfi Bàbá Gíláàsì. Mò ń pariwo, “Òjò gidi ni! Òjò gidi!” Bí mo ṣe ń pariwo náà ni wọ́n ń sá. Èmi àti Àǹtí la fa ọ̀rá, kò mira. Bàbá Gíláàsì ń fà pẹ̀lú wa, ìwé ìròyìn lórí ẹ̀. Dírẹ́bà ní òun ò lè dúró sínú òjò. Ó ní kí Àǹtí sọ̀ kalẹ̀, ó ṣíná, ó lọ.

Ìwé náà lọ pẹ̀lú ẹ̀. Okùn tó tú ló kù lọ́wọ́ Àǹtí.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti ta ṣájà tí kò ṣiṣẹ́ fún oníṣẹ́ iná mànàmáná rí. Kò sí irọ́ tí ẹnu mi ò gbé. Mo sì ní ẹja tó pọ̀ níkùn.

Màámi ní, “Apẹja yẹn ńkọ́? Ó ti délé?”

Mo wá irọ́ títí, mi ò rí ọ̀kan.

Mo ní, “Kò tíì dé, Màámi. Òjò ni ò jẹ́.”

Ó ní, “Á dá.” Ó lọ fọ àwo.