Ọwọ́ Òsì Àbẹ̀ní

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àti Bàbá láti ọ̀nà jíjìn. Ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà yìí sí, kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìdòfin lè kà á sí yín létí, nítorí ó lè má jẹ́ ilé tiwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà.

Yìnyín ń já bọ́ ní Leeds láti ìjẹta. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń wà, ìka mi kì í lè tú bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló lé oorun lójú mi.

Bọ̀dá Jóẹ̀lì, ará Ìlọ́fà tí ẹ fi ẹ̀gúsí àti irú rán, wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Màgí ìyàwó mi ṣí gbogbo fèrèsé nítorí òórùn irú, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, síbẹ̀ ó jẹ ọbẹ̀ náà, ó tún bù sí i. Ó ń pe orúkọ mi gan-an lójú àlejò bí wọ́n ti ń ṣe níbí. Bọ̀dá kàn ń rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí Àbẹ̀ní ọmọ wa mú ẹran nínú àwo rẹ̀, tó fi ọwọ́ òsì nà án sí Bọ̀dá. Bọ̀dá kò gbà á. Ọmọ náà rò pé ẹran ló kéré, ló bá mú èyí tó tóbi jù, ọwọ́ òsì náà ni. Bọ̀dá wá sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀yin Yèyé ní tí a bá mú ọmọ náà wálé, ẹ óò fi aṣọ di ọwọ́ yẹn títí yóò fi gbàgbé rẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún.

Màgí dìde. Ó palẹ̀ àwo mọ́, ó jókòó sídìí dùùrù, ó ń tẹ orin ìsìn tí mo máa ń kọ nílé. Ìgbà tí àlejò lọ ló tó sọ fún mi pé nígbà tóun wà lọ́mọdé, wọ́n so ọwọ́ òsì òun mọ́ àga ní ilé ìwé, àti pé látìgbà náà, bí ẹ̀rù bá ti ba òun, ọ̀rọ̀ á há òun lẹ́nu. Yèyé, gbogbo ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, mo rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì tèmi ni kì í yé e tó fi ń dákẹ́. Ó ní òun kò ní mú ọmọ òun lọ síbi tí wọ́n á ti dì í lọ́wọ́. Ó kó aṣọ wa tí a ti dì fún ìrìnàjò wálé kúrò nínú àpótí.

Mi ò gbàgbé ilé. Mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n fọ́tò ilé wa wà lára ògiri níbí, àlejò kò ní wọlé kí Àbẹ̀ní má nàka sí i pé ilé bàbá òun nìyẹn, ọwọ́ kan náà ló sì ń fi ń nàka.

Lánàá, mo rí i pé aṣọ ti padà sínú àpótí. Màgí bi mí bóyá ẹ óò gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti fi ẹnu yín jẹ́ hẹn láì bi yín.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹsẹ̀ Bàbá fúyẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ìjọ. A ó dé kí ọdún Àjíǹde tó dé. Bí Àbẹ̀ní bá na nǹkan sí yín, gbogbo ẹbí á máa wò yín, Màgí náà á máa wò. Yèyé mi, ẹ dákun, ẹ gbà á.

Èmi ni ọmọ yín,
Sámúẹ̀lì